Ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin: ohun tí òfin ń sọ, ohun tí ẹ̀sìn ń sọ

Ọ̀rọ̀ yìí, ẹni méjì kì í sọ ọ́ pẹ́ kí ohùn ọ̀kan tó lọ sókè. Mo ti jókòó ti àwọn tó fẹ́ kí òfin gbà á, mo ti jókòó ti àwọn tí kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí rárá. Ohun tí mo rí ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, nǹkan méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ni wọ́n ń bá ara wọn jà lé lórí. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ló wà nísàlẹ̀ yìí. Ibi tó bá jẹ́ èrò tèmi, màá sọ pé èrò tèmi ni.

Kí ni wọ́n ń jà lé lórí gan-an?

"Ìgbéyàwó" ni gbogbo wa ń pè é, ṣùgbọ́n nǹkan méjì ló wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Èkíní jẹ́ ti ìjọba. Ìwé ni, ìforúkọsílẹ̀ ni. Ẹni tí òfin mọ̀ sí ọkọ tàbí aya ló lè jogún láìsí wàhálà, òun ni dókítà máa ń wá nígbà tí aláìsàn ò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́, òun ni wọ́n ń san owó ìfẹ̀yìntì olóògbé fún. Èkejì jẹ́ ti Ọlọ́run: ẹ̀jẹ́ níwájú pẹpẹ, yìgì tí àáfà so, májẹ̀mú tí ẹlẹ́sìn gbà pé kì í ṣe ọmọ aráyé ló dá a sílẹ̀, tí kò sì sí nínú agbára ọmọ aráyé láti yí i padà.

Èdè wa gan-an mọ ìyàtọ̀ yìí. Tí a bá ní àwọn kan lọ sí kóòtù, tí a bá ní wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí a bá ní wọ́n so yìgì, kò sẹ́ni tó máa rò pé ibì kan náà ni wọ́n lọ. Nílẹ̀ Faransé, láti ọdún 1792 ni wọ́n ti yà wọ́n sọ́tọ̀: ọ́fíìsì olórí ìlú ni àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n lè lọ bá àlùfáà tó bá wù wọ́n. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Àlùfáà Áńgílíkà tó ń gbàdúrà lé wọn lórí náà ló tún ń ṣe iṣẹ́ ìjọba lẹ́sẹ̀ kan náà. Ibi tí nǹkan méjèèjì bá ti wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀, òfin ibẹ̀ máa ń takókó. Àmọ́ kí ẹ má rò pé tí wọ́n bá ti yà wọ́n sọ́tọ̀, ìjà parí. Ọkẹ́ àìmọye èèyàn ló tú sójú pópó ní Paris lọ́dún 2013 láti ta ko òfin tó gba ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin láyè.

Kí n tó tẹ̀ síwájú: àwọn kan máa ń pè é ní "ìgbéyàwó akọsákọ". Mi ò lò ó níbí, torí ẹran ọ̀sìn la sábà máa ń sọ pé ó jẹ́ akọ tàbí abo. Èèyàn la ń sọ̀rọ̀ wọn.

Orílẹ̀-èdè wo ló kọ́kọ́ gbà á?

Netherlands ni. Lóru ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2001, bí aago ṣe lu méjìlá, olórí ìlú Amsterdam, Job Cohen, dúró nínú gbọ̀ngàn ìlú, ó so èèyàn mẹ́jọ pọ̀ ní méjì-méjì: ọkùnrin mẹ́fà, obìnrin méjì. Belgium tẹ̀ lé e lọ́dún 2003. Sípéènì àti Kánádà gbà á lọ́dún 2005, Gúúsù Áfíríkà lọ́dún 2006, Ajẹntínà lọ́dún 2010. Taiwan ló kọ́kọ́ gbà á ní Éṣíà, lọ́dún 2019. Gíríìsì gbà á ní oṣù kejì ọdún 2024, òun sì ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tí àwọn Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì pọ̀ jù níbẹ̀ tó ṣe bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ṣọ́ọ̀ṣì Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ibẹ̀ ta kò ó títí dé ọjọ́ ìdìbò. Ti Thailand bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2025. Orílẹ̀-èdè tó ti gbà á báyìí ti lé ní 35. Èyí tó pọ̀ jù láyé ni kò tíì gbà á.

Ìwé ìbágbépọ̀ wà. Kí ló dé tí ìyẹn ò fi tó wọn?

Ìbéèrè gidi nìyí, àwọn aṣòfin náà sì kọ́kọ́ bi ara wọn. Denmark ló bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1989: ó ṣí ìwé ìforúkọsílẹ̀ kan tó fún ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì ní ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀tọ́ tọkọtaya láìpè é ní ìgbéyàwó. Faransé ṣe tiẹ̀ lọ́dún 1999, Bìrìtìkó ṣe tiẹ̀ lọ́dún 2004. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sìn ló gbà pé ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ náà dúró sí: ẹ fún wọn lẹ́tọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ náà sílẹ̀ fún àwa.

Ohun tí àwọn tó ń bèèrè ń sọ ni pé ìwé tó bá ń jẹ́ orúkọ mìíràn kì í rìn jìnnà. Tó bá kọjá ibodè, tó bá dé ọ́fíìsì mìíràn, akọ̀wé á wò ó, á ní òun ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó sọ pé àsọdùn ni, ẹ gbọ́ ìtàn yìí.

Jim Obergefell àti John Arthur ti ń gbé pọ̀ fún ohun tó lé ní ogún ọdún ní Cincinnati, ní ìpínlẹ̀ Ohio lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, nígbà tí àìsàn kan tó ń gba agbára lára iṣan dá Arthur dùbúlẹ̀. Ohio ò gba irú ìgbéyàwó yìí láyè. Ní oṣù keje ọdún 2013, tọ̀rẹ́ tẹbí dáwó jọ, wọ́n háyà bàálù tó ń gbé aláìsàn, wọ́n sì gbéra lọ sí Baltimore ní ìpínlẹ̀ Maryland, níbi tí òfin ti gbà á. Arthur ò lè dìde lórí ibùsùn. Nínú bàálù yẹn náà, lórí ilẹ̀ pápákọ̀ òfuurufú, àǹtí rẹ̀ ka ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ́ fún wọn, wọ́n so ọwọ́ pọ̀, bàálù yí padà, ó gbé wọn lọ sílé. Kò pé oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà tí Arthur fi kú. Ẹjọ́ tí wọ́n pè kì í ṣe torí ilé tàbí owó báńkì. Ìwé ẹ̀rí ikú ni. Níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ọkọ tàbí aya tí olóògbé fi sáyé lọ, Ohio fẹ́ kó ṣófo, Obergefell ò sì fẹ́. Ẹjọ́ yẹn ló dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, òun sì ni adájọ́ márùn-ún fi borí mẹ́rin lọ́jọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2015 tí gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà fi ní láti gbà á.

Ọdún méjì ṣáájú ìyẹn, ti Edith Windsor jẹ́ ti owó. Òun àti Thea Spyer ṣègbéyàwó ní Kánádà lọ́dún 2007 lẹ́yìn tí wọ́n ti jọ wà fún ogójì ọdún. Nígbà tí Spyer kú lọ́dún 2009, ìjọba àpapọ̀ ní òun ò mọ Windsor sí aya, wọ́n sì bu owó orí 363,053 dọ́là lé e lórí ogún tó jẹ. Ká ní ọkùnrin ló fẹ́ ni, kò ní san kọ́bọ̀.

Ẹ lè má gbà pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n mi ò rò pé ó tọ́ kí ẹnikẹ́ni máa sọ pé orúkọ lásán ni wọ́n ń lé kiri.

Kí ni àwọn Kristẹni tó ta kò ó ń sọ? Ṣé ìkórìíra ni?

Ìkórìíra wà lára àwọn kan, irọ́ ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé ìkórìíra nìkan ni kò tíì fetí sílẹ̀.

Orí ìṣẹ̀dá ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Jẹ́nẹ́sísì orí kejì sọ bí ọkùnrin ṣe fi baba àti ìyá rẹ̀ sílẹ̀ tó fà mọ́ aya rẹ̀, tí wọ́n sì di ara kan. Nígbà tí wọ́n bi Jésù nípa ìkọ̀sílẹ̀ nínú Mátíù orí 19, ibẹ̀ yẹn gan-an ló padà sí. Fún onígbàgbọ́ tó ń ka Bíbélì bẹ́ẹ̀, pé ọ̀kan jẹ́ ọkùnrin tí èkejì jẹ́ obìnrin kì í ṣe àlàyé ẹ̀gbẹ́ kan, òun ni ìgbéyàwó fúnra rẹ̀. Ìgbà tó bá débẹ̀ tán ni yóò tó wá mẹ́nu ba Léfítíkù orí 18 àti Róòmù orí kìíní, níbi tó ti ka ìbálòpọ̀ náà sí ẹ̀ṣẹ̀.

Àwọn Kátólíìkì tún fi kún un pé sákáráméńtì ni. Lójú tiwọn, Ìjọ ò lágbára lórí ohun tí Ọlọ́run ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀, bí póòpù tilẹ̀ fẹ́. Ìwé Éfésù orí karùn-ún fi ọkọ àti aya ṣàpẹẹrẹ Kristi àti Ìjọ. Tí ẹ bá yí ọ̀kan padà, wọ́n ní ẹ ti ba àwòrán èkejì jẹ́.

Ohun kẹta kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú Ìwé Mímọ́ nìkan. Wọ́n ní òfin máa ń kọ́ èèyàn. Ohun tí òfin bá fọwọ́ sí lónìí, ọmọ tí wọ́n bá bí lọ́la á dàgbà bá a, á sì gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Mo mọ ìyá àgbà kan tó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Bíbélì láti ìgbà èwe rẹ̀. Kò bínú sí ẹnikẹ́ni, ó ní àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ ìjà kì í ṣe èèyàn òun. Ẹ̀rù tó ń bà á ni pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwọn ọmọ yẹn á wá máa wo òun bí ẹni ibi nítorí ohun tí òun kọ́ wọn. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe àròsọ. Mo rò pé ó yẹ kí ẹni tó ń jà fún òfin náà mọ̀ ọ́n, kó sì dáhùn rẹ̀.

Anthony Kennedy, adájọ́ tó kọ ìdájọ́ ọdún 2015 yẹn fúnra rẹ̀, kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀pọ̀ àwọn tí kò gbà pé ìgbéyàwó yìí tọ́ ló gba inú ẹ̀sìn tàbí ìrònú tó níyì dé ibi tí wọ́n dé. Ohun tó ní kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ ni kí ìgbàgbọ́ yẹn di òfin tó ń ti àwọn mìíràn síta.

Àwọn Mùsùlùmí ńkọ́?

Láàárín àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ọ̀rọ̀ yìí ò fi bẹ́ẹ̀ lájọyàn. Ìtàn Ànábì Lúùtù àti àwọn èèyàn rẹ̀ wà nínú Kùránì níbi tó ju ẹyọ kan lọ. Yìgì náà sì jẹ́ àdéhùn láàárín ọkùnrin àti obìnrin, tó ní ẹ̀bùn tí ọkọ gbọ́dọ̀ fún ìyàwó àti ojúṣe tó yàtọ̀ síra fún àwọn méjèèjì. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò, kò sí yìgì mọ́.

Síbẹ̀ Mùsùlùmí tó jẹ́ aṣòfin lórílẹ̀-èdè tí onírúurú ẹ̀sìn wà máa ń dojú kọ ìbéèrè mìíràn: ṣé ohun tí ẹ̀sìn òun ò gbà lòun gbọ́dọ̀ kọ̀ fún àwọn tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn òun? Sadiq Khan dìbò fún òfin ọdún 2013 tó gba irú ìgbéyàwó yìí láyè ní ilé aṣòfin Bìrìtìkó, bó ṣe jẹ́ Mùsùlùmí tó ń kírun. Wọ́n sọ pé àwọn máa pa á nítorí ìbò yẹn. Ẹ gbà pé ó ṣe dáadáa tàbí pé kò ṣe dáadáa, kò sí ẹ̀kọ́ kankan tó ní kí wọ́n halẹ̀ ikú mọ́ ọn nítorí ìbò.

Ṣé gbogbo ẹlẹ́sìn ló ta kò ó?

Rárá o. Ṣọ́ọ̀ṣì Sweden ti ń so wọ́n pọ̀ láti ọdún 2009. Àwọn Quaker, ẹgbẹ́ Kristẹni kan, ní Bìrìtìkó fẹnu kò lé e lórí lọ́dún 2009 kan náà, ìgbà tí òfin ìlú gan-an ò tíì gbà á. Ìjọ Episcopal, ìyẹn ẹ̀ka Áńgílíkà ní Amẹ́ríkà, gbà á lọ́dún 2015, Ṣọ́ọ̀ṣì Scotland lọ́dún 2022. Ọ̀pọ̀ rábì nínú ẹgbẹ́ Júù Reform náà ń ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn Júù Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ò gbà á rárá.

Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí ni bó ṣe tú àwọn ìjọ ká. Ní ìpàdé Lambeth ọdún 1998, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà káàkiri ayé dìbò 526 sí 70 pé ìbálòpọ̀ ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin kò bá Ìwé Mímọ́ mu. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, Amẹ́ríkà fi Gene Robinson, tó ń gbé pẹ̀lú ọkùnrin bíi tiẹ̀, jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó fi máa di ọdún 2008, àwọn bíṣọ́ọ̀bù tí inú ń bí ti kó ara wọn jọ sí Jerúsálẹ́mù, wọ́n dá ẹgbẹ́ GAFCON sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ará Áfíríkà. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì náà ò yọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìjọ wọn ní Amẹ́ríkà ti kúrò kí ìpàdé gbogbogbòò ọdún 2024 tó fa òfin tó kọ̀ ọ́ ya.

Ìjọ Kátólíìkì ní Róòmù ò yí ẹ̀kọ́ ìgbéyàwó padà. Ohun tó ṣe ní oṣù kejìlá ọdún 2023 ni pé ó ní àlùfáà lè súre fún irú àwọn méjì bẹ́ẹ̀, àdúrà ráńpẹ́ tí kò jọ ìsìn ìgbéyàwó. Ìyẹn náà dá awuyewuye sílẹ̀. Kò pé oṣù kan tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áfíríkà, tí Kádínà Fridolin Ambongo jẹ́ olórí wọn, fi sọ pé irú ìbùkún bẹ́ẹ̀ ò ní wáyé nínú ìjọ àwọn.

Tí ìjọba bá fọwọ́ sí i, ṣé wọ́n á fipá mú pásítọ̀ tàbí lẹ́mọ́ọ̀mù láti so wọ́n pọ̀?

Èyí ni ìbẹ̀rù tí mo máa ń gbọ́ jù, òun sì ni mo lè fi ìdánilójú dáhùn jù. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ọdún 2013 ti ìlẹ̀kùn yẹn pa, ó sì fi ọ̀pá dí i lẹ́yìn: kò sí ẹgbẹ́ ẹ̀sìn tó gbọ́dọ̀ ṣe é àfi tó bá fúnra rẹ̀ sọ pé òun fẹ́, kò sí ẹlẹ́sìn kan tí wọ́n lè pè lẹ́jọ́ pé ó kọ̀, Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tìlú Gẹ̀ẹ́sì sì wà lábẹ́ òfin tirẹ̀ tó sọ pé ọkùnrin àti obìnrin ni ìgbéyàwó wà fún. Òfin Kánádà ọdún 2005 náà kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé aláṣẹ ìsìn lè kọ̀ tí kò bá bá ìgbàgbọ́ rẹ̀ mu. Ní Denmark, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì àti ìjọba ti so mọ́ra, àlùfáà kọ̀ọ̀kan lè kọ̀, àmọ́ bíṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ wá ẹlòmíràn fún wọn.

Èrò tèmi: odi yìí ò gbọ́dọ̀ wó láé. Ọjọ́ tí ọlọ́pàá bá lè dúró sẹ́yìn àlùfáà kó sọ irú ẹ̀jẹ́ tó máa kà, ọjọ́ náà ni ẹ̀sìn di iṣẹ́ ìjọba, kò sì ní dáa fún àwọn tó fẹ́ ìgbéyàwó yìí pẹ̀lú, torí ìjọba tó lè fipá mú wọn gbà lè fipá mú wọn kọ̀.

Akọ̀wé ìjọba tàbí oníṣòwò tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ò gbà ńkọ́?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le jù, kò sì sí ìdáhùn kan tó bá gbogbo rẹ̀ mu. Ẹ jẹ́ ká mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lọ́dún 2014, ọkùnrin kan lọ sí ilé búrẹ́dì kan ní Belfast, ó ní kí wọ́n ṣe kéèkì fún òun, kí wọ́n kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé kí èèyàn ti ìgbéyàwó yìí lẹ́yìn. Ó san pọ́n-ùn 36.50. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n pè é, wọ́n ní àwọn jẹ́ Kristẹni, àwọn ò ní lè kọ ọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n sì dá owó rẹ̀ padà. Ó pe ẹjọ́, ó borí ní ilé ẹjọ́ ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2018, àwọn adájọ́ márùn-ún ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Bìrìtìkó fohùn ṣọ̀kan pé ilé búrẹ́dì náà ò jẹ̀bi. Àlàyé wọn ló wù mí. Wọ́n ní oníbàárà yẹn kọ́ ni wọ́n kọ̀, ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kí wọ́n kọ ni wọ́n kọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá mú ọ̀rọ̀ kan náà wá, bó fẹ́ ọkùnrin, bó fẹ́ obìnrin, èsì kan náà ni wọn ì bá fún un. Ká ní wọ́n sọ pé àwọn ò ní ta búrẹ́dì lásán fún un torí irú ẹni tó jẹ́ ni, ẹjọ́ náà á yí padà.

Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2018 kan náà, aṣekéèkì kan ní Colorado, tó kọ̀ láti ṣe kéèkì ìgbéyàwó fún ọkùnrin méjì, borí pẹ̀lú ìbò méje sí méjì, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kéré ju bí àwọn èèyàn ṣe ń pariwo ẹ̀ lọ: ilé ẹjọ́ rí i pé àjọ ìpínlẹ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ti fi ẹ̀sìn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Akọ̀wé ìjọba yàtọ̀. Kò ní ṣọ́ọ̀bù, owó gbogbo ìlú ló ń gbà. Akọ̀wé ìforúkọsílẹ̀ kan ní Islington ní London, tó jẹ́ Kristẹni, kọ̀ láti fi orúkọ irú àwọn méjì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ẹjọ́ rẹ̀ dé Ilé Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù lọ́dún 2013, kò borí. Kim Davis, akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ ní Kentucky, kọ̀ láti fún ẹnikẹ́ni ní ìwé lọ́dún 2015, adájọ́ sì fi í sí àtìmọ́lé fún ọjọ́ márùn-ún. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìpínlẹ̀ náà yí ìwé ọ̀hún padà débi pé kò nílò orúkọ akọ̀wé mọ́. Nígbà tí mo gbọ́, mo ní: kí ló dé tí wọn ò ṣe èyí kí wọ́n tó ti obìnrin náà mọ́lé?

Gúúsù Áfíríkà gba ọ̀nà méjèèjì kọjá. Òfin ọdún 2006 gba akọ̀wé láyè láti kọ̀ tó bá kọ̀wé pé ẹ̀rí ọkàn òun ò gbà. Lọ́dún 2020 wọ́n yọ àyè yẹn kúrò, torí láwọn ọ́fíìsì kan, àwọn méjì tí òfin ti fún lẹ́tọ̀ọ́ máa dé, wọn ò ní bá ẹnikẹ́ni tó máa ṣe é fún wọn. Níbi tí mo dúró sí: ọ́fíìsì ò gbọ́dọ̀ kọ èèyàn, ṣùgbọ́n tí akọ̀wé mẹ́rin bá wà níbẹ̀, kò sí ohun tó burú nínú kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ dá lẹ́bi ṣe iṣẹ́ mìíràn. Mo mọ̀ pé àwọn tí mo bọ̀wọ̀ fún ò gbà bẹ́ẹ̀.

Ta ló yẹ kó pinnu: adájọ́, aṣòfin tàbí gbogbo ìlú?

Gbogbo rẹ̀ ló ti ṣẹlẹ̀. Ireland ló kọ́kọ́ gbà á nípasẹ̀ ìbò gbogbo ìlú, lọ́jọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2015, ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Orílẹ̀-èdè tó jẹ́ pé ọdún 1995 ni ìkọ̀sílẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sínú òfin rẹ̀, pẹ̀lú ìbò tí kò fi ìdá kan borí! Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Dublin nígbà yẹn, Diarmuid Martin, sọ pé ó yẹ kí Ìjọ jókòó, kó wo ara rẹ̀ dáadáa. Ọsirélíà ṣe tiẹ̀ nípasẹ̀ lẹ́tà lọ́dún 2017, ìdá 61.6 nínú ọgọ́rùn-ún gbà. Switzerland gbà á lọ́dún 2021.

Croatia lọ sí ibi ìbò lọ́dún 2013, nǹkan bí ìdá 66 nínú ọgọ́rùn-ún sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin pé ọkùnrin àti obìnrin ni. Ti Taiwan lọ́ pọ̀ jù: ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n gbà á lọ́dún 2017, àwọn ará ìlú dìbò ta kò ó lọ́dún 2018, ìjọba sì wá dá òfin ọ̀tọ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2019 kí ó lè gbọ́ ti àwọn méjèèjì.

Ẹni tó bá ní adájọ́ ò gbọ́dọ̀ dá sí i máa ń tọ́ka sí ohun tí John Roberts, olórí àwọn adájọ́ Amẹ́ríkà, kọ nígbà tó ta ko ìdájọ́ 2015: ẹ yọ̀ tí inú yín bá dùn, ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ wa ò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹni tó bá ní ìbò ò yẹ á ní ẹ̀tọ́ àwọn tó kéré níye kì í ṣe ohun tí àwọn tó pọ̀ ń kà lórí ìka. Mi ò rí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè fọwọ́ rọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì sẹ́yìn. Mo kàn ṣàkíyèsí pé ibi tí wọ́n ti jọ sọ ọ́ pẹ́ kí wọ́n tó ṣe é, ìbínú tó kù lẹ́yìn rẹ̀ kéré.

Àwọn ọmọ ńkọ́?

Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà kéde lọ́dún 2013 pé àwọn ti irú ìgbéyàwó yìí lẹ́yìn, torí ó ń fún àwọn ọmọ tó ti wà nínú ilé bẹ́ẹ̀ ní ìdúróṣinṣin. Ẹni tó ta kò ó á ní kì í ṣe bóyá ọmọ ń ṣe dáadáa ní iléèwé lòun ń bèèrè. Ohun tó ń bèèrè ni bóyá ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìyá àti bàbá. Ìbéèrè méjì nìyẹn, ìdáhùn ọ̀kan ò lè pa èkejì lẹ́nu mọ́. Láwọn orílẹ̀-èdè kan, wọn ò kó méjèèjì pọ̀: Portugal gba ìgbéyàwó náà lọ́dún 2010, ó sì di ọdún 2016 kí wọ́n tó lè gba ọmọ tọ́.

Tí wọ́n bá gba èyí, ṣé ìlóbìnrin púpọ̀ ló kàn?

Netherlands ti lé ní ogún ọdún nínú rẹ̀, ẹnì kan sí ẹnì kan náà ni ìgbéyàwó ṣì jẹ́ níbẹ̀. Ní Gúúsù Áfíríkà, òfin tó gba ìlóbìnrin púpọ̀ nílànà ìbílẹ̀ ti wà láti ọdún 1998, ọdún mẹ́jọ ṣáájú èyí. Àti pé ìlóbìnrin púpọ̀ ti dàgbà ju gbogbo òfin tí a ń sọ yìí lọ.

Orílẹ̀-èdè tó sọ pé rárá ńkọ́?

Rárá pé oríṣi méjì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀kan bo èkejì mọ́ yín lójú. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Íńdíà sọ ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 pé kò sí ẹ̀tọ́ irú ìgbéyàwó yìí nínú òfin ilẹ̀ náà, ó ní ọ̀rọ̀ aṣòfin ni. Àmọ́ ilé ẹjọ́ yẹn kan náà ti sọ lọ́dún 2018 pé ìbálòpọ̀ láàárín àgbàlagbà méjì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn.

Rárá kejì ní ẹ̀wọ̀n nínú. Òfin Nàìjíríà tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sí orí ẹni tó bá ṣe irú ìgbéyàwó yìí, ọdún mẹ́wàá sí orí ẹni tó bá ràn wọ́n lọ́wọ́ tàbí tó ṣe ẹlẹ́rìí. Ti Uganda lọ́dún 2023 dé orí ẹ̀wọ̀n gbére fún ìbálòpọ̀ náà fúnra rẹ̀, ó sì ní ìdájọ́ ikú fún àwọn ẹ̀sùn kan.

Póòpù Francis, tí kò gbà títí tó fi kú pé ìgbéyàwó ni, sọ ní oṣù kìíní ọdún 2023 pé kì í ṣe ọ̀daràn ni wọ́n, òfin tó ń sọ wọ́n di ọ̀daràn ò sì tọ́. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ yàtọ̀ sí ìwà ọ̀daràn. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury nígbà yẹn, Justin Welby, ta ko òfin Uganda náà ní gbangba. Mo fara mọ́ wọn pátápátá. Ẹ lè kọ̀ láti pè é ní ìgbéyàwó láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, kí ẹ má sì fọwọ́ sí i pé kí wọ́n wọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni lọ sẹ́wọ̀n.

Wọ́n pè mí síbi irú ìgbéyàwó yìí, ẹ̀sìn mi ò sì gbà á. Ṣé kí n lọ?

Mi ò ní bá yín pinnu. Àwọn olùjọ́sìn tó jẹ́ olóòótọ́ ti dáhùn rẹ̀ lọ́nà méjì: àwọn kan lọ torí èèyàn wọn ni, wọ́n gbà pé jíjókòó kì í ṣe fífọwọ́ sí i, àwọn kan ò lọ torí wọ́n gbà pé ẹlẹ́rìí ni gbogbo ẹni tó bá jókòó níbẹ̀.

Ohun tí mo lè bẹ̀ yín ni pé tí ẹ ò bá ní lọ, ẹ sọ ọ́ fúnra yín, kí ẹ sì tètè sọ ọ́. Ẹ má fi ránṣẹ́. Ẹ má ṣàìsàn lójijì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo mọ bàbá kan tí ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ ṣe irú ìgbéyàwó yìí. Ó wọkọ̀ lọ bá a nílé nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó jókòó tì í, ó ní, "Mi ò ní wá, o sì mọ ìdí rẹ̀. Ọmọ mi ṣì ni ẹ́." Ọmọ náà sunkún, òun náà sunkún. Ó kúrò níbẹ̀ láìjẹun. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé ìgbéyàwó náà, ní aago tí ọmọ yẹn máa ń pè é látẹ̀yìnwá, fóònù dún.